Ẹ̀gbẹ́ Òsì Ọkọ̀ Rodney

                                        Ojúlé 14,
                                        Ọ̀nà Adágún Perch,
                                        Champion, Michigan.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdù, 2024.

Leland, ọ̀rẹ́ mi tó kù,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ẹsẹ̀ rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ńkọ́, ṣé o ti ń fi í tẹ ilẹ̀? Bernice ńkọ́, ṣé oògùn tuntun yẹn bá a lára mu? Mo gbọ́ pé oòrùn Arizona ń yan èèyàn bí ẹran orí iná. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sá fún yìnyín kò gbọdọ̀ ráhùn ooru. Kí àwọn ọmọ rẹ máa tọ́jú rẹ. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ, pariwo lé wọn lórí. O ṣì ní wọn láti pariwo mọ́.

Ara tèmi le. Orúnkún mi ọ̀tún kò sunwọ̀n, etí mi òsì ti di pátápátá, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń wọlé. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè kọ ju orúkọ mi lọ. Jodi, ìyàwó Rodney ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí lórí tábìlì tí Lempi ìyàwó mi máa ń po ìyẹ̀fun lé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ, kó má bù mọ́ ọn, kó má sì yọ nǹkan kan kúrò. Ó ní òun gbọ́. A ó máa wò ó.

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. O bèèrè bí ìsìnkú Rodney ṣe lọ, àti pé ṣé ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e dé ibojì. Clayton Trudgeon, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́, ti ń sọ tirẹ̀ káàkiri ilé ọtí bí àwàdà. Bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èmi á sọ bó ṣe rí.

O mọ̀ pé oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ọmọ mi kú. Ohun tí o kò mọ̀ ni ibi tó kú sí. Abà mi ni. Láti ìgbà tí a ti sin Lempi, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Rodney máa ń wá síbẹ̀, tí a jọ máa ń tún ọkọ̀ Chevelle pupa yẹn ṣe, ọdún 1970 gan-an, irú èyí tí ọmọ ọ̀gá máa ń wà kọjá nígbà tí èmi àti ìwọ bá gòkè láti inú ihò ìwakùsà tí ojú wa dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń dún. Ohun tó kù ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Rodney ní ọkọ̀ tó lágbára tó báyẹn, tó wá fi táyà tín-ín-rín dúró lẹ́yìn, akọ màlúù tó wọ bàtà ọmọ ọwọ́ ni. Ó ra rímù tuntun, ó ra táyà méjì tó fẹ̀ bí àga, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ó ń fọwọ́ pa wọ́n lórí bí ẹni ń pa ajá lórí.

O mọ abà yẹn. Ìdajì rẹ̀ ni igi ìdáná mi. Mo ń tò ó síbẹ̀ kí n má baà máa rìn nínú yìnyín. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀ á fẹ̀gbẹ́ rìn, á sì fa ikùn rẹ̀ mọ́ra.

Lọ́jọ́ yẹn mo gbé kọfí lọ fún un. Mi ò rí i. Mo pè é, kò dáhùn. Ìgbà tó yá ni mo rí bàtà rẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti ògiri. Ó jókòó síbẹ̀, ó há, orí rẹ̀ fara ti fẹ́ńdà ẹ̀yìn, irin tó bo táyà, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan nínú ọkọ̀ náà. Téèpù ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ka ìyẹn sí, nítorí pé kò sígbà tí téèpù kì í sí lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dá dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n dì mú fà á jáde, Leland. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Jodi bi mí léèrè lọ́jọ́ yẹn gan-an pé kí ni ọkọ òun ń wá nínú ihò yẹn. Mo ní sípánà ló já bọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ò mọ̀, Bàbá. Ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ ni." Òótọ́ ni, mi ò mọ̀. Ó ní abà yẹn gba ọkọ òun lọ́wọ́ òun ní gbogbo Sátidé, òun náà ló sì wá pa á. Ó ń sọ nísinsìnyí pé òun ò sọ "pa". Ó sọ ọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí di oṣù Ìgbé, kò fi ẹsẹ̀ kan ilé mi.

Ìwọ tó wà nínú ooru lè ti gbàgbé pé ilẹ̀ ibí kì í gba òkú nígbà òtútù. Kò sí ọkọ́ tó lè wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé Rodney sí ilé òkúta tó wà lẹ́nu itẹ́ òkú, pẹ̀lú àwọn mìíràn tó ń dúró de ìgbà tí ilẹ̀ máa rọ̀. Kí ọmọ sin bàbá ló yẹ. Tèmi, kì í ṣe pé mo fẹ́ sin ọmọ nìkan, mo tún ní láti dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣe tán. Bí mo bá ń lọ ra oúnjẹ, mo máa ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá. N kì í wo ọ̀tún, níbi tó wà.

Clayton wá bá mi. O mọ àṣà ẹgbẹ́ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ọkọ̀ tirẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé ọkọ̀ òkú, ìyàwó rẹ̀ á jókòó síwájú, àwọn tó máa gbé pósí á jókòó sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sin ín tán, wọ́n á jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn jó lórí ọ̀dà títí yóò fi rú èéfín, kí àmì dúdú wà ní ojú ọ̀nà pé ẹni yẹn gba ibẹ̀ kọjá.

Clayton ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá bá yín parí rẹ̀. A pọ̀."

Mo ní, "Ẹ pọ̀ lóòótọ́. Ẹ pọ̀ jù. Ẹ máa lọ sílé."

"Ẹ̀yin nìkan? Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Orúnkún kọ́ ni mo fi ń de nọ́ọ̀tì."

Mo pe Jodi lórí fóònù. Mo ní kó wá jókòó síwájú lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bàbá, pósí kan ló máa wà níbẹ̀. Mi ò ní wọ èkejì." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nítorí náà, Leland, ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn nìyí: kí ọkọ̀ ọmọ mi tẹ̀lé e dé ibojì, lórí táyà tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, kí ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mi ò bẹ Ọlọ́run fún ju ìyẹn lọ. Èmi àti Ọlọ́run kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Oṣù Ìgbé ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà. Mo kọ́kọ́ de ti ọ̀tún. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ìka méjì ló wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà. Rodney ti wọ̀n ọ́n dáadáa. Mo lu táyà náà, mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n."

Ti òsì gba wàhálà. Mo ní láti kó igi díẹ̀ kúrò, kí n fi irin ti ìdí ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ kúrò lára ògiri kí àyè lè wà fún mi. Mo de táyà, mo sọ jáàkì kalẹ̀. Etí fẹ́ńdà gùn ún lórí. Kò fi àyè kankan sílẹ̀. Mo rò pé mo dè é wọ́. Mo tú u, mo tún un dè. Bákan náà. Nígbà náà ni mo wá fi téèpù wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, gbogbo ọkọ̀ ìgbà yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. Ara wọn kì í jókòó ságbede-méjì ẹsẹ̀ wọn. Ohun tó bá gba ọ̀tún lè má gba òsì.

Orúnkún mi yẹ̀ lábẹ́ mi, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn mi sí ògiri. Ìgbà tí mo gbójú sókè, etí fẹ́ńdà yẹn ló wà níwájú ojú mi gan-an. Ibi tí mo ti bá a ni mo jókòó sí. Bó ṣe jókòó ni mo ṣe jókòó. Téèpù wà lọ́wọ́ èmi náà.

Kì í ṣe sípánà. Ó ti wọn ọ̀tún, ó ti ra táyà, ó wá rántí òsì.

Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù mi, mo wà á lọ sí ilé Jodi. Mi ò wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Mo ti mọ ohun tó ń wá." Ó mú ẹ̀wù òtútù, ó tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a dé abà, ó dúró lójú ilẹ̀kùn, kò wọlé.

"Ẹ máa sọ ọ́. Mo ń gbọ́ láti ibí."

"Ó ń wọn ẹ̀gbẹ́ òsì ni."

"Nítorí táyà?"

"Nítorí táyà."

Ó wá ní, "Ẹni tó ń gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ́dọọdún. Táyà ló wá rántí." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu rẹ̀ di nǹkan mìíràn. Èmi ń wo sítóòfù. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo obìnrin tó bá ń sunkún. Mi ò mọ̀ ọ́n fún Lempi pàápàá.

Nígbà tó dákẹ́, ó wọlé. Ó wo táyà òsì náà. Ó ní, "Ẹ dá a padà, Bàbá. Ẹ ra èyí tí kò fẹ̀ tó báyìí."

"Èyí ló yàn."

"Àṣìṣe ló fi yàn án."

"Àṣìṣe tirẹ̀ ni. Mi ò ní fi ọgbọ́n ẹlòmíràn sin ín."

Ó mí kanlẹ̀. "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

Mo sọ fún un. Inú etí fẹ́ńdà ní ilà irin kan tó kọjú sínú bí èékánná. Ìyẹn ló ń gé táyà. Bí a bá ká a sókè, àyè á wà. Ọ̀nà àtijọ́ ni ká ti igi béésíbọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń lu bọ́ọ̀lù bọ àárín táyà àti fẹ́ńdà, kí ẹnì kan di igi náà mú, kí ẹnì kejì máa ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn, kí táyà máa yí igi náà, kí igi sì máa tẹ irin yẹn dùbúlẹ̀. Jodi ní, "Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí, ìdí tí ẹ fi wá pè mí nìyẹn." Mo ní rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Igi Rodney ṣì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ àtijọ́. Igi náà ló fi fọ́ fèrèsé ilé ìdáná yín nígbà èwe. Sọ fún Bernice pé ó ríṣẹ́ ṣe nígbẹ̀yìn. Jodi lọ mú ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun rẹ̀ wá, nítorí pé ọ̀dà ara ọkọ̀ á fọ́ bí a bá ká irin rẹ̀ nínú òtútù. Ó fi fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí ọwọ́ ò fi ṣeé gbé lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ariwo bẹ̀rẹ̀.

"Tì í!"

"Mò ń tì í!"

"O ń fọwọ́ pa á ni!"

"Ẹ̀yin ẹ bọ́ síbí kí ẹ wá tì í, alágbára ọ̀run! Kí èmi jókòó sílẹ̀ kí n di igi mú bí ọba."

"Bí igi yìí bá fò, eyín mi ló máa kó lọ."

"Mélòó ló kù níbẹ̀?"

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀dà ti sán, ó gùn tó àtàǹpàkò. Nígbà tí a ṣe tán, ìka mi wọ àárín táyà àti fẹ́ńdà. Jodi ti ìka tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Kò sọ pé òun á wá síbi ìsìnkú nínú ọkọ̀ náà, èmi náà ò bi í.

Mo wà á dán wò lójú ọ̀nà adágún, èmi nìkan. Táyà kò kan fẹ́ńdà rárá. Clayton dúró létí ọ̀nà, ó ń wò. Ó ní, "Bàbá, ẹ kó àpò yanrìn sínú búùtù rẹ̀, kí ẹ tún wà á. Ẹ kó èèyàn sẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ á rì." Mo ní kí òun tó mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú ni mo ti ń pààrọ̀ táyà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló máa ń ru igbá rẹ̀ délé. O máa gbọ́ bí mo ṣe ru tèmi.

Oṣù Èbìbí, ilẹ̀ rọ̀, wọ́n ní ká wá. Mo ti ṣíná ọkọ̀ náà, ó ń gbọ̀n lójú ọgbà, nígbà tí Jodi dé pẹ̀lú aṣọ dúdú. Kò kí mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ tò, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Leland, láti ìgbà tí mo ti ń wú irin nínú ilẹ̀, mi ò rí ohun tó wúwo tó ilẹ̀kùn yẹn nígbà tó pa dé. Clayton àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ẹ̀yìn. O mọ bí Clayton ṣe tóbi. Ìjókòó ké.

A tẹ̀lé ọkọ̀ òkú. Àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ tò lẹ́yìn wa. Dáadáa ni títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti ń gun òkè lọ sí itẹ́ òkú. O mọ ohun tí yìnyín máa ń ṣe sí ọ̀nà yẹn ní gbogbo ọdún, bí ilẹ̀ ṣe máa ń wú lábẹ́ ọ̀dà ní gegele gegele. Ní gegele àkọ́kọ́, mo gbọ́ ọ. Ó dún bí ẹni tó fi ọ̀bẹ họ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Clayton ní, "Bàbá, ẹ gbóòórùn rọ́bà?"

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

Gegele kejì. Jodi gbé ọwọ́ lé apá mi. "Ẹ dúró, Bàbá."

Mi ò dúró. Ọmọ mi wà níwájú mi nínú ọkọ̀ òkú, àyè tó wà láàárín wa kò ju ìwọ̀n ilé kan lọ, mo sì ti dúró de ilẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Gegele kẹta, táyà òsì bẹ́. Ọkọ̀ náà kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fẹ́ńdà sì jókòó lé e lórí.

Ọkọ̀ òkú kò mọ̀. Ó ń lọ. Mo ń wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń kéré sí i lórí òkè, títí ó fi yà.

Ọ̀nà yẹn tóóró, kò sẹ́ni tó lè gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Mo ti dí ọ̀nà mọ́ gbogbo wọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn mi, ilẹ̀kùn ń ṣí, wọ́n ń bọ́ọ́lẹ̀. Jodi yí wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ fi apá yín sí apá mi." Bí a ṣe fi ẹsẹ̀ gun òkè nìyẹn, èmi àti òun níwájú, àwọn yòókù lẹ́yìn wa, pẹ̀lú bàtà dáadáa wọn nínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ òkú ti ń dúró dè wá lókè. Wọ́n gbé e. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n bu iyẹ̀pẹ̀. Yìnyín ṣì wà nínú iyẹ̀pẹ̀ náà, ó ta mí lọ́wọ́.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ padà, Clayton ní òun á fi ọkọ̀ tòun ṣe àmì náà fún Rodney. Jodi na ọwọ́ sí mi. "Kọ́kọ́rọ́."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Òun ló kọ́ mi, kó tó fẹ́ mi. Kì í ṣe gbogbo nǹkan lẹ mọ̀, Bàbá."

Ó wọ Chevelle náà, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó fún un ní gbogbo epo tó ń béèrè. Òsì kò mira. Ọ̀tún nìkan ló ń yí, èyí tí Rodney wọ̀n dáadáa. Ó rú èéfín títí a ò fi rí Jodi mọ́. Clayton kígbe pé, "Ẹlẹ́sẹ̀ kan!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àmì dúdú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ju apá èèyàn lọ. Àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ti ní àwọn á da ọ̀dà tuntun síbẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí.

Ibẹ̀ ni Clayton máa ń parí tirẹ̀ sí ní ilé ọtí.

Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Chevelle náà padà wá sílé fún mi. Ní ọjọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi ìdáná mi kúrò nínú abà. Gbogbo rẹ̀. Mo ń tò ó síta, sí ìdí ọgbà, níbi tí màá ti máa rìn nínú yìnyín lọ mú un. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ju igi lẹ́yìn mi. Jodi ni, mi ò pè é. Ó gbé páì ẹran wá, a jẹ ẹ́ lórí ìtì igi. Nígbà tí inú abà ṣófo, èmi àti òun ti ọkọ̀ náà kúrò lára ògiri, a tì í sí àárín gbùngbùn. Táyà tó bẹ́ kò jẹ́ kó yí dáadáa, ṣùgbọ́n ó débẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà báyìí. Èèyàn lè rìn yí i ká, kó na apá rẹ̀ méjèèjì, kó má kan nǹkan kan ní ọ̀tún tàbí ní òsì. Èèyàn tó tóbi bí Rodney lè kúnlẹ̀ síbi tó bá wù ú, kó wọn ohun tó bá fẹ́ wọ̀n. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Jodi ti gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó gbé e, kó kọ ọ́.

Bá mi kí Bernice. Kí àwọn ọmọ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, pe orúkọ wọn bí o bá ń kí wọn. Jodi ní òun kí gbogbo yín, àti pé kí o má gba gbogbo ohun tí mo sọ nípa bí òun ṣe ń ti ọkọ̀ gbọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá gbà ọ́, wá kí n tó kú. Bí kò bá gbà ọ́, jókòó síbẹ̀.

Èmi ni, ẹni tí ẹ jọ wọ ihò tí ẹ jọ jáde,

Urho Kangas